Káàdì Ni À Ń Fi Pamọ́, A Kì Í Fi Òfin Pamọ́

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan sí ìwé ìròyìn wa, ohun tí ó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ohun tí ẹ máa ń retí lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ eré káàdì ni. Kì í sì í ṣe Whot tí gbogbo wa mọ̀ nìkan. Ó kan póókà pẹ̀lú, eré tí a máa ń rí nínú fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jókòó yí tábìlì ká, tí èéfín sìgá bo gbogbo ilé. Ẹ fara balẹ̀. N kò di onítẹ́tẹ́ lọ́jọ́ ogbó mi. Ìbéèrè kan ni eré náà gbé kò mí lójú, n kò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ìbéèrè náà nìyí: òfin tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ènìyàn, ṣé ó tọ́ kí á fi dá a lẹ́bi?

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ mi pé jọ sí pálọ̀ mi ní Òkè Àrin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ọjọ́ tí ariwo ọjà ń rọlẹ̀ nísàlẹ̀ ilé wa kò pọ̀ lọ́dún. Lọ́jọ́ náà, kò sí aláàárù tí ó gbé páálí mílíìkì tàbí àpò ìrẹsì kọjá, kò sí ẹni tí ó ń pariwo "ẹ yàgò" létí wa. Iná lọ, àwọn ọmọ bá gbé Whot jáde.

Ará Ìlú Ọba kan, William Henry Storey, ni ó gbé eré Whot jáde ní 1935, ṣùgbọ́n bí a ti ń ta á ní ilẹ̀ wa, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Káàdì 54 ni. Àwòrán róbótó wà nínú rẹ̀, onígun mẹ́ta wà, onígun mẹ́rin wà, àgbélébùú wà, ìràwọ̀ wà, Whot márùn-ún tí ó ru nọ́ńbà 20 sì wà pẹ̀lú wọn. Títí dé ibẹ̀, gbogbo ilé ni ó fohùn ṣọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, olúkúlùkù ilé ní tirẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà láàrin wọn, ọmọ ọ̀rẹ́ ìdílé wa tí ó wá láti Ìbàdàn. Ó ku káàdì kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ké "last card". Gbogbo wọn hó lé e lórí pé kí ó mú méjì. Ó ní nílé tiwọn wọn kì í ké e. Wọ́n ní Èkó nìyí. Nígbà tí ó tún ṣe, ẹnìkan fi nọ́ńbà 2 sílẹ̀ fún un kí ó lè mú méjì, òun náà fi 2 tirẹ̀ lé e, wọ́n tún hó pé nílé yìí a kì í fi 2 dá 2 lóhùn. Wọ́n pè é ní olójóró. Ọmọ náà da káàdì rẹ̀ sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kò sọ fún mi!"

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi fún ọdún márùndínlógójì náà ni mo tún sọ: "Òfin, òfin ni. Mú káàdì rẹ, má sunkún." Mo rò pé mo ti dájọ́ bí Sólómọ́nì.

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, tí ó ń gbé ní Houston, tí ó wá ṣọdún, wà ní ìjókòó. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ẹjọ́ tí ẹ dá yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn." Ó wọ yàrá lọ, ó mú páàkì káàdì mìíràn jáde, ó ní kí n jókòó kí òun fi nǹkan hàn mí. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ nìyẹn?" Ó ní ẹ̀wà ni a ó fi ta á, kì í ṣe owó. Ó bu ẹ̀wà olóyin ife kan sórí tábìlì, ó pín in fún wa. Èmi náà mú ìwé àjákọ jáde kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ìwà olùkọ́ kì í kúrò lára olùkọ́.

Ohun tí mo kọ nìyí. Póókà kì í ṣe eré kan ṣoṣo. Orúkọ ìdílé ni. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni ó gbilẹ̀ ní agbègbè New Orleans àti nínú àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń ná odò Mississippi, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń bí ọmọ. Káàdì 52 ni a fi ń ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé káàdì márùn-ún márùn-ún ni a fi ń wọn ara wa. Méjì tí nọ́ńbà wọn bára mu lágbára díẹ̀. Mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn bára mu ju méjì lọ. Márùn-ún tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan náà sì ju mẹ́ta yẹn lọ.

Lẹ́yìn èyí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Five-card draw, olúkúlùkù gba márùn-ún tí ẹlòmíràn kò rí, ó sì lè dá èyí tí kò wù ú padà kí ó gba òmíràn. Nínú Seven-card stud, méje ni o gbà; mẹ́rin wà ní gbangba, mẹ́ta wà ní ìpamọ́. Nínú Texas Hold'em, méjì péré ni tìrẹ, márùn-ún sì wà láàrin tábìlì tí í ṣe ti gbogbo wa. Èyí ni ó lókìkí jù. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas tilẹ̀ gbà á ní 2007 pé ìlú kan tí ń jẹ́ Robstown ni wọ́n ti bí i. Omaha jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni tìrẹ níbẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ lo méjì nínú wọn. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Èyí tí ń jẹ́ Razz ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kéré jù ni ó ń borí. Ẹni tí ọba méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa yọ̀ nínú Hold'em. Bí ó bá gbé ọba méjì kan náà wọ inú Razz, ẹkún ni yóò sun.

A ta Hold'em nígbà mẹ́ta. Mo gba ẹ̀wà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, orí mi sì ń wú. Nígbà kẹrin, ó fún mi ní káàdì mẹ́rin dípò méjì. Mo rò pé ọmọ ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ni. Mo ní éèsì dúdú, èyí tí àmì rẹ̀ dà bí ewé, káàdì mẹ́rin tí ó ní àmì kan náà sì jáde sáàrin tábìlì. Mo kà á: mẹ́rin àti ọ̀kan, márùn-ún. Mo ti gbogbo ẹ̀wà mi síwájú. Òun ṣí tirẹ̀: nọ́ńbà 8 mẹ́ta ni ó ní. Mo na ọwọ́ kí n kó ẹ̀wà, ó dá mi dúró. "Màmá, Omaha ni mo pín. Ẹ gbọ́dọ̀ lo méjì nínú tiyín, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì ní àmì yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ kò jẹ."

Ẹnu mi ṣí, mo pariwo: "O kò sọ fún mi!"

Pálọ̀ dákẹ́. Ọmọ Ìbàdàn náà gbé ojú sókè, ó wò mí. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òfin, òfin ni, Màmá."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo pe ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́, a sì tún Whot wọn pín. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, nígbà tí èmi àti ọmọ mi nìkan kù ní ìta, ó ní, "Màmá, kì í ṣe ọmọ yẹn nìkan o. Ìyàwó bọ̀dá mi ńkọ́?" N kò dá a lóhùn. N óò padà sórí ìyẹn.

Kí n tó lọ síwájú, mo mọ̀ pé ìyá kan nínú yín ti ń mi orí pé kí ni ti póókà nínú ìwé ẹgbẹ́ ìjọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni àwa Mẹ́tọ́díìsì ti kẹ̀yìn sí tẹ́tẹ́, n kò sì rí ìdí tí a ó fi yí padà. Owó tí mo jẹ nínú tẹ́tẹ́, owó oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn ni, n kò sì fún un ní ọjà kankan dípò rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kún àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa. Àní lórí èyí pàápàá, òfin ilé kan kì í ṣe ti ilé kejì: ní oṣù kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2005, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ òfin eré yàtọ̀ sí kí ó fi owó rẹ̀ ta á. Ẹ̀wà tí a fi ta á, a sè é jẹ ní ọjọ́ kejì.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ń gbọ́ "n kò mọ̀" lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ìlú yóò tú. Òótọ́ ni. Mo mọ iye ọmọ tí ó ti wo ojú mi tí ó ní òun kò mọ̀ pé iṣẹ́ àṣetiléwá wà, nígbà tí ó wà lójú pátákó gbàǹgbà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ó wà lójú pátákó. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ìdí tí mo fi lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ọmọ náà wí nìyẹn. Bí n kò bá kọ ọ́, tí n kò sì sọ ọ́, irú ẹnu wo ni n óò fi bá a wí?

Nínú póókà, fífi nǹkan pamọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo lè ní káàdì burúkú kí n tújú ká bí ẹni tí ó ní ọba mẹ́rin. Mo sì lè ní èyí tí ó dára kí n fajú ro. A kò lè pe èyí ní irọ́, nítorí gbogbo wa ni a ti gbà bẹ́ẹ̀ kí a tó jókòó. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi òfin pamọ́, n kò bá ọ ta eré mọ́. Èmi nìkan ni mò ń ta. Ìwọ ni mo fi ń ta. Káàdì ni à ń fi pamọ́, a kì í fi òfin pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lórí ọpọ́n ayò. Ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta lè kó ọmọ jọ sí ojúlé kan kí ó má wí ohun tí ó ń rò, ọgbọ́n ni. Ní ilẹ̀ Gáná, ọpọ́n kan náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n eré kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń kó, nígbà tí àwa ń jẹ méjì àti mẹ́ta. Bí ará Gáná bá jókòó tì ọ́, tí o mọ̀ pé mẹ́rin ni ó ń wá kiri, tí o dákẹ́ títí ilé rẹ̀ fi ṣófo, ìwọ kọ́ ni ọ̀ta. Olè lórí ọpọ́n ni ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò ní Òkè Àrin, ẹ wò ó nínú ọjà tiyín. Ta ni ó ń sọ iye tí òun ra páálí ọjà fún oníbàárà? Kò sí, káàdì yín nìyẹn, ẹ fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní òfin pé ọjà tí ó bá ti kúrò ní ìsọ̀ kò ní padà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí obìnrin náà gbé páálí padà wá kí ó tó sọ ọ́, òfin kọ́ ni ó ń tẹ̀ lé. Ó ń fi òfin bo ojú ni.

Ìwé Mímọ́ náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní orí 20 nínú Gẹ́nẹ́sísì, Ábúráhámù dé Gérárì, ó ní àbúrò òun ni Sárà í ṣe. Ọba Ábímélékì mú Sárà sí ilé rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run kìlọ̀ fún un ní ojú àlá, ọba náà bẹ̀bẹ̀ pé òun kò mọ̀, Ọlọ́run sì gbà pé ọkàn rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, ọba pe Ábúráhámù, ó bi í pé kí ni òun ṣe fún un tí ó fi fẹ́ kó òun sínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ẹjọ́ ṣe yí padà: abọ̀rìṣà ni ó ń bi bàbá ìgbàgbọ́ wa léèrè, bàbá ìgbàgbọ́ wa kò sì rí ìdáhùn gidi fọ̀. Ní orí 12 nínú Lúùkù, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ méjì. Ẹni tí ó mọ ìfẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tí kò ṣe é yóò jẹ pàṣán púpọ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò jẹ díẹ̀. Ìmọ̀ ni ó ń mú kí ẹ̀bi wúwo. Ẹ wá bi ara yín: nínú ilé wa, láàrin ẹni tí ó mọ òfin tí ó dákẹ́ àti ẹni tí kò mọ̀ tí ó ṣìnà, ta ni pàṣán púpọ̀ tọ́ sí?

Mo tún rántí ohun kan. Ní 1742, ará Ìlú Ọba kan, Edmond Hoyle, tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní eré káàdì tí ń jẹ́ whist, tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí eré náà. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣì fi ń búra lórí òfin káàdì títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ó ti kú ní 1769, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ póókà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ti ìwé náà, 1743, John Wesley tẹ Òfin Gbogbogbòò jáde fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: kí á yẹra fún ibi, kí á máa ṣe rere, kí á má sì fi ìlànà ìsìn Ọlọ́run sílẹ̀. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìlànà tí ó fún àwọn oníwàásù rẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe gba ẹni tuntun. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an tí ẹni náà bá pàdé pẹ̀lú wọn ni kí wọ́n fún un ní òfin, kí wọ́n má sì ṣe jáfara lórí èyí láé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọn yóò tó máa wò ó fún oṣù díẹ̀ kí ó tó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kíyè sí ètò náà. Òfin ni ó ṣáájú, ìdánwò tẹ̀ lé e.

Èmi yí i po. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbí.

Nígbà tí ọmọ mi kejì gbéyàwó, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ọmọ Ìgbò ni ó fẹ́, ọmọbìnrin tí ó kàwé, tí ara rẹ̀ sì yá mọ́ ènìyàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, gbogbo ẹbí pé ní agboolé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyàwó dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì fi orúkọ tí a sọ ọ́ pe àbíkẹ́yìn mi, ẹni ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, pé kí ó wá gba oúnjẹ. Gbogbo àwọn ìyàwó àgbà yíjú padà. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n: nínú ilé wa, ìyàwó kì í pe ẹni tí ó bá nílé ní orúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ó lè pè é ní ọkọ mi, ó lè pè é ní akọ̀wé tàbí bàbá kékeré. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ eyínfúnjowó tàbí ìbàdíàrán. Ní ilé tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún un.

Mo wà ní ilé ìdáná. Mo gbọ́. Gbólóhùn kan péré ni ó gbà kí n pè é sí kọ̀rọ̀ kí n sọ. N kò sọ ọ́. Mo wí lọ́kàn mi pé, "Ẹ jẹ́ kí á wò ó bóyá ó ní làákàyè." Èmi olùkọ́, tí n kì í ṣe ìdánwò lórí iṣẹ́ tí n kò kọ́ àwọn ọmọ, mo gbé ìdánwò kalẹ̀ fún ìyàwó ọmọ mi láìkọ́ ọ.

Fún bí ọdún mẹ́rin, "aláìlẹ́kọ̀ọ́" ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Bí ó bá kí wọn, wọn yóò jẹ́ ẹ lábẹ́ ahọ́n. Ó mọ̀ pé nǹkan wà, kò mọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà tí ó lóyún àkọ́kọ́, ó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, kí ni mo ṣe?" Mo sì dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà mọ̀." Kò mọ̀. Ìyàwó àgbà kan tí ó ti sùn nínú Olúwa báyìí ni ó ṣàánú rẹ̀ tí ó là á yé e nígbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, "akọ̀wé mi" ni ó ń pe àbíkẹ́yìn mi, títí dé Houston. Èmi kò sì bẹ̀ ẹ́ rí.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo wọkọ̀ lọ sí ilé wọn ní Sùúrùlérè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí mo wí lọ́kàn mi ní ilé ìdáná. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, mo rò pé nítorí ẹ̀yà mi ni. Mo rò pé ojú mi ni ẹ kò fẹ́ rí." Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, ó dìde, ó lọ gbé omi tíì kaná. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin yẹn kì í ṣe ẹ̀wà tí mo lè kó padà fún un lórí tábìlì.

Ohun tí mo kọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Nígbà tí a bá fi òfin pamọ́ fún ènìyàn, kì í dúró lórí "n kò mọ̀". Ọkàn rẹ̀ yóò wá ìdí mìíràn. Yóò ní wọ́n kórìíra mi, yóò ní nítorí ẹ̀yà mi ni, nítorí pé n kò lówó ni. Ìdákẹ́jẹ́ wa a máa bí irọ́ sí ọkàn ẹlòmíràn, àwa a sì máa sọ pé a kò pa irọ́ kankan.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ẹnìkan lè fi èyí dá mi lóhùn pé kí ló dé tí ìyàwó kò béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò kọ òwe náà. Ó yẹ kí àlejò béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé òfin kan wà rárá, kí ni yóò béèrè? Nígbà tí ọmọ mi fún mi ní káàdì mẹ́rin, èmi náà kò béèrè; mo rò pé oore ni. Àlejò a máa lójú, kì í fi í ríran. Onílé ni ó mọ ibi tí kòtò wà, onílé ni kí ó kọ́kọ́ lahùn.

Mo sì fẹ́ kí á fi ìyàtọ̀ kan sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Òfin ilé nìyẹn, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà tí kò ní ilé. Ìbáà ṣe Hold'em, ìbáà ṣe Razz, ìbáà ṣe Whot ti Ìbàdàn tàbí ti Èkó, ẹni tí ó bá fi káàdì pamọ́ sí apá aṣọ, tàbí tí ó yọjú wo ti ẹnìkejì, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Kò lè ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Ọlọ́run ti kọ ìyẹn sí ọkàn olúkúlùkù. Ẹni tí ó jalè, tí ó lu ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ owó ẹgbẹ́, kò lè fara pamọ́ sábẹ́ àìmọ̀. Àṣìṣe tiwa ni pé a máa ń gbé òfin ilé ka ibi òfin ọkàn. A rí obìnrin tí kò mọ bí a ti ń pe ọmọ ilé, a sì ń wò ó bí ẹni tí ó jalè.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á wo ẹgbẹ́ wa. Ẹni tuntun wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan, ó jókòó sórí àga tí ìyá kan ti ń jókòó láti ọdún pípẹ́. A wò ó, a kò sọ̀rọ̀. Ó wọ aṣọ mìíràn ní ọjọ́ tí a ń wọ aṣọ ẹgbẹ́. A fọwọ́ tọ́ ara wa. Kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá pẹ́ yóò san owó ìtanràn, àfi ìgbà tí a pe orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a kò rí i mọ́, a ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jinlẹ̀. Mélòó nínú wọn ni ó lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyàwó mi lọ́kàn, pé ojú òun ni a kò fẹ́ rí?

Ohun tí mo dá lábàá kò le. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnìkan jókòó ti ẹni tuntun, kí ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ gbogbo rẹ̀ fún un: owó oṣù, aṣọ, ìtanràn, àní ọ̀rọ̀ àga pàápàá. Òfin tí ojú bá sì ń tì wá láti sọ síta, ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó lè jẹ́ pé kò yẹ kí ó jẹ́ òfin.

Bí ọmọ Ìbàdàn náà ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, ó bi mí pé, "Màmá àgbà, bí mo bá tún wá ní Ọdún Àjíǹde, ṣé òfin yìí náà ni a ó fi ta á?" Mo ní òfin yìí náà ni, a ó sì kọ́kọ́ kà á sókè kí a tó pín káàdì.

Kí Olúwa là wá lójú sí àwọn tí a ti dá lẹ́bi láìsọ̀rọ̀. Àmín.